Àmín Tó Pẹ́ Dé

Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn
ní ilé ìwòsàn kan lápá Onípáànù.
Mo pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fi kẹrosíìnì bọ́ ọwọ́,
tàdáwà kọ̀, kò kúrò léèékánná mi.
Múnírátù, ọmọ ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀,
gbé bútà tó tóbi ju ikùn rẹ̀ lọ,
ó ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀:
ó fọ imú, ó fọ imú, ó tún fọ imú,
ó gbàgbé ẹsẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, mo ti mọ́."

Ta ni ǹ bá fi í tì?
Ìyá Wàkílù tó máa ń bá wa wò ó ti lọ sí Ìkòròdú.
Mo gbé e kọ́ èjìká, a dá gọ́tà kọjá,
a gba iwájú àwọn tó ń gé káàdì ìgbéyàwó,
ibi tí pépà wẹ́wẹ́ ti ń fò bí ìyẹ́ adìyẹ.
Bàtà rẹ̀ ń ké fín-ín, fín-ín, bí eku inú àpótí;
gbogbo mọ́ṣáláṣí Ṣómólú ti gbọ́ pé a ń bọ̀
kí n tó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àlájì Yẹ́kínì bojú wẹ̀yìn láti sàfú kìn-ín-ní:
"Ọmọ tẹ̀gbọ́n taburo! Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi nibí ni?"

Mògàríbì ni. Lèmọ́ọ̀mù ka Fàtíhà tán.
Àmín wa bú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́
bí àdúgbò nígbà tí iná bá já.
Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
òun nìkan, gbọọrọ:
"Ààààmín!"
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.
Nígbà tí mo forí kanlẹ̀,
ó dọ̀bálẹ̀ tì mí, ó yọjú sábẹ́ iwájú orí mi,
ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá, kí lẹ ń wá?"

Kí n má parọ́,
n ò mọ̀ bóyá rákà kejì ni tàbí ìkẹta.
Nítorí náà, nígbà tí Àlájì ní, "Ẹ̀ ń ba irun jẹ́ fún wa,"
n kò rí èsì kankan fọ̀.
Mo ṣáà tún gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Àti lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn náà ni èéyi mú un.
Ìyá rẹ̀ gba ààyè, ó jókòó tì í,
èmi nìkan ni mo ń lọ.
Àmín bú jáde. Ó dákẹ́.
Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ kẹta, Àlájì Yẹ́kínì kò dúró ka tẹ̀súbáà.
Ó fi ọ̀pá wá mi rí lẹ́bàá òpó.
"Ọmọ yẹn dà?"
"Èéyi ń ṣe é, Àlájì."
"Ẹn?"
Mo pariwo rẹ̀ sí i létí: "Èéyi!"
Ó mi orí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu irin rélùwéè
ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Irin náà ló mú etí mi lọ.
Àmín ẹ̀yin àgbà, bí òjò orí páànù ló rí sí mi.
Tọmọ yẹn nìkan ni mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀."
Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní dàbínù mẹ́rin
tó fi etí káàdì ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni wé.
"Ẹ̀yìn náà ni kó ti máa kírun o," ló wí,
ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nírọ̀lẹ́, fín-ín, fín-ín.
Àlájì ò bojú wẹ̀yìn.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àmín wa tán,
mo rí i tó dẹ orí sọ́tùn-ún, bí ẹni ń gbọ́ ilẹ̀kùn.
Lèmọ́ọ̀mù pàápàá, mo fura,
mí èémí kan lé lórí iye tó yẹ
kó tó bẹ̀rẹ̀ súrà.